Kí Ẹgbẹ́ Òṣèlú Kúrò Lójú Ìjàkadì, Kí Àwọn Òǹwòran Máa Bá Àríyànjiyàn Wọn Lọ

Ní ìparí oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí ìròyìn kàn pé Hulk Hogan, ajìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, ti kú ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí wà ní ilé ìwòran kan tí kò jìnnà sí Tákíẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bíríkìlà kan tó ti lé ní ogójì ọdún, tí sìmẹ́ńtì gbígbẹ ṣì lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí ọkùnrin tó mú kí òun fẹ́ràn ìjàkadì láti kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó níwájú ní òun kò ní dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwa aláwọ̀ dúdú ni ọkùnrin yẹn bú." Ẹ̀gbọ́n bínú. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí Hogan, ó ti dé orí Trump, láti orí Trump ó sì balẹ̀ sórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí oníkálùkù ń ṣe nílé níbí. Nígbà tí ẹni tó ni ilé ìwòran náà fi máa pa jẹnẹrétọ̀, bẹ́ǹṣì kan ti kán, wọ́n sì ti ti akẹ́kọ̀ọ́ náà síta pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó má ṣe padà wá. Kò sì tíì padà wá.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tó dùn wá ni pé irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ nínú ìlú wa, bẹ́ǹṣì tí olùkọ́ yunifásítì LAUTECH, ọlọ́kadà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọmọ alùfáà àti ẹni tó ń ta iṣu lọ́jà Wásọ̀ ti lè fi èjìká kan ara wọn láti wo ohun kan náà. Bí ìbò ọdún 2027 ṣe ń súnmọ́ yìí, bí a kò bá tètè sọ̀rọ̀, a ó fi ojú wa rí i tí wọ́n á pín bẹ́ǹṣì náà sí méjì. Nítorí náà, láì fi epo bọ iyọ̀, èrò wa nìyí: ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ sọ ojú ìjàkadì di tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún òǹwòran pé kó bọ́ èrò òṣèlú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni bọ́ bàtà. Méjèèjì ni a dì mú, a kò sì ní fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà ìlú sábà máa ń gbà wá ni pé kí a má ṣe pa òṣèlú pọ̀ mọ́ eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ rere ni, inú rere ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní ti ìjàkadì, kò bá òótọ́ mu. Ní ọdún 2007, Donald Trump dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjà ní WrestleMania, eré ńlá WWE, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ajìjàkadì tó ń ṣojú rẹ̀ sì borí, ó wà lára àwọn tó fá orí Vince McMahon, ọ̀gá WWE, níṣojú gbogbo ayé. Ní ọdún 2013, WWE fi orúkọ Trump sínú ìwé àwọn akọni rẹ̀. Linda, ìyàwó Vince, tí wọ́n jọ kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, di olórí àjọ tó ń rí sí okòwò kéékèèké lábẹ́ Trump láti ọdún 2017 sí 2019, ó sì di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ní ọdún 2025. Ṣáájú wọn, Jesse Ventura ti ti ojú ìjàkadì bọ́ sí ipò gómìnà Minnesota ní ọdún 1999. Láti ọdún 2018 ni WWE ti ń gba owó ìjọba Saudi Arabia láti ṣe eré níbẹ̀. Àwọn tó ni eré kò gbé òṣèlú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan rí. Báwo ni a ṣe máa wá ní kí ẹni tó san owó láti wò ó di ẹnu rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Hogan fúnra rẹ̀ kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, ó gun orí pèpéle níbi àpérò ẹgbẹ́ Republican, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ ya kí ayé lè rí orúkọ Trump tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ náà ni. Èkejì yàtọ̀. Ní ọdún 2015, ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde, níbi tó ti fi ọ̀rọ̀ àbùkù pe àwọn aláwọ̀ dúdú, WWE sì fòpin sí àdéhùn wọn. Ní ọdún 2018, wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà sáàárín àwọn akọni. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tó tún jáde síwájú èrò ní ìtòsí Los Angeles, hùn-ún ni wọ́n ń hó lé e lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tì síta ní Tákíẹ̀ kò ṣe ju ohun tí àwọn ará Los Angeles ṣe lọ. Nínú irú ìjàkadì yẹn, tí wọ́n ti kọ ẹni tó máa borí sílẹ̀ kí agogo tó dún, ariwo òǹwòran wà lára eré, òun sì ni ohun kan ṣoṣo tí wọn kò lè kọ sílẹ̀ fún un. Bí ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá kọ̀ láti dákẹ́ fún ẹni tó bú u, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ bíríkìlà tó ń ṣọ̀fọ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kan èjìká, tí wọ́n sì ń ti ènìyàn sí ẹnu ọ̀nà.

Bí a bá wá kúrò lórí ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, tí a bọ́ sí èyí tí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe máa parí, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i. Ẹ wo Íńdíà. Ní ọdún 2023, àwọn obìnrin ajìjàkadì orílẹ̀-èdè náà, tí Vinesh Phogat àti Sakshi Malik wà lára wọn, sùn sí ẹ̀bá títì ní New Delhi, wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan Brij Bhushan Sharan Singh, olórí àjọ ìjàkadì, pé ó ń fi ọwọ́ pa àwọn ọmọbìnrin lára lọ́nà tí kò tọ́. Ọkùnrin náà sọ pé irọ́ ni. Aṣòfin nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ni pẹ̀lú, kíá ni àwọn kan sì sọ pé òṣèlú lásán ni àwọn obìnrin náà ń ṣe. Ọlọ́pàá kó wọn ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún. Wọ́n gbé àmì-ẹ̀yẹ wọn lọ sí etí odò Ganges láti jù ú sómi, àwọn àgbà ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é. Nígbà tí ọ̀rẹ́ Brij Bhushan sì wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí àjọ náà ní ìparí ọdún, Sakshi Malik, tó gba idẹ ní Òlíńpíìkì ọdún 2016, bọ́ bàtà ìjàkadì rẹ̀, ó kó o lé orí tábìlì níwájú àwọn oníròyìn, ó sunkún, ó sì fi eré náà sílẹ̀. Vinesh ní tirẹ̀ tẹ̀síwájú, ó dé àṣekágbá Òlíńpíìkì ní Paris ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ ìjà, ìwọ̀n rẹ̀ fi gíráàmù 100 kọjá kílò 50 tí ìpele rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n sì lé e jáde. Gíráàmù 100 kò ju ìdá kan lọ nínú omi ọ̀rá kan tí a bá pín sí márùn-ún. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti wọ ẹgbẹ́ Congress, wọ́n sì ti dìbò yàn án sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Haryana. Ẹni tó bá ní kí a má da òṣèlú pọ̀ mọ́ ìjàkadì, kó sọ fún wa ohun tí ì bá ní kí àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣe.

Irú òṣèlú yẹn, èyí tí ajìjàkadì fi ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, a fara mọ́ ọn. Èyí tí a ta kò ni èyí tí a ti ń rí nílé. Lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú ìlú yìí, a wo ọmọkùnrin méjì tí kò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n dì mọ́ra lórí iyanrìn. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù tí àwòrán olóṣèlú kan kún gbogbo àyà rẹ̀. Èkejì tẹríba bọ́ sábẹ́ apá rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé e, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ gbàgà, ọgbọ́n tó mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó mọ ìjàkadì máa dìde fún. Kò sí ẹni tó pe orúkọ ọmọ náà. Orúkọ olóṣèlú tó wà lára ẹ̀wù ni apá kan pápá ń pè, wọ́n ń kígbe pé ó ti ṣubú, apá kejì sì ń sọ òkò ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ tó borí dúró láàárín, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò mọ ẹni tí òun máa kí. Ọdún mélòó ni ọmọ yẹn ti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá ẹsẹ̀ mú? Ẹni tó gba ìyìn rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lórí pápá.

Orò ni ìran Yorùbá ka ìjàkadì sí. Àwọn ará Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí wa, ń kì í títí dòní pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ọmọ agboolé kan ló ń bá ọmọ agboolé kejì jà, ìlù á máa ki oníkálùkù, ẹ̀yìn ẹni kan á kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni adájọ́. Ní ti òṣèlú, kò sí ẹni tó yẹ kó kọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bá wọ àárín aládùúgbò. Ọmọ wa ni Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group pín sí méjì, àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, ìjà náà kò sì ní ilẹ̀ tó máa dá a. Ó lọ títí dé ìgbà wẹ́tìẹ̀, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé lára, títí tí wọ́n fi pa Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Àwọn kan ṣì wà láàyè nínú ìlú yìí tí wọn kò bá ẹbí ara wọn jẹun pọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ó ṣeé ṣe kí èrò yàtọ̀ kí ojú ìjàkadì má sì dàrú. Ní oṣù kejì ọdún 2013, àjọ Òlíńpíìkì fẹ́ yọ ìjàkadì kúrò nínú ìdíje rẹ̀. Amẹ́ríkà, Ìráànì àti Rọ́ṣíà, tí wọn kì í fi ojú rere wo ara wọn, kó àwọn ajìjàkadì wọn jọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá kan ní New York ní oṣù karùn-ún, wọ́n tẹ́ ẹní ìjàkadì sáàárín gbọ̀ngàn, wọ́n jà. Ní oṣù kẹsàn-án, àjọ náà dá ìjàkadì padà. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan nínú wọn tó yí èrò rẹ̀ padà nípa èkejì.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, Àríwá àti Gúúsù, Súrùlérè, Oríire àti Ògo-Olúwa, kí wọ́n pe àwọn tísà eré ìdárayá àti àwọn tó ń ṣètò ìjàkadì jókòó kí ìpolongo ìbò tó gbóná, kí wọ́n sì fẹnu kò pé kò sí àwòrán olùdíje, àmì ẹgbẹ́ tàbí orin ìpolongo lára ajìjàkadì àti lójú ìjà. Olóṣèlú tó bá fẹ́ràn àwọn ọmọ wa, ọ̀nà ìrànwọ́ kò dí. Orí iyanrìn àti koríko ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọ́ṣẹ́. Kó ra ẹní ìjàkadì fún wọn, kó gbé e fún ilé-ẹ̀kọ́, kó sì máa lọ. A ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí pẹ̀lú ìdùnnú, ojú ewé ìròyìn sì ni ibi tó yẹ kí orúkọ náà wà.

Ní ti àwọn tó ni ilé ìwòran, kí wọ́n lé ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè sí ẹlòmíràn, kí wọ́n má ṣe lé ẹni tó gbé ohùn sókè. Èyí tó wà ní ìtòsí Tákíẹ̀, a mọ̀ pé ẹni tó ni ín máa ka ọ̀rọ̀ yìí. A bẹ̀ ẹ́ kó ránṣẹ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sórí bẹ́ǹṣì iwájú, kí bíríkìlà náà sì jókòó tì í. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Hogan láti ibi tí wọ́n bá a dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n gbé e.