Ukraine Kò Tíì Wọ EU

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń pín kiri pé Ukraine ti di ọmọ ẹgbẹ́ EU, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọdún 2022 kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2022, EU gbà kí Ukraine àti Moldova máa múra àtiwọlé ni. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìyẹn, ìgbéyàwó kọ́. Ìjíròrò gan-an kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Orí 35 ni wọ́n pín òfin tí wọ́n máa yẹ̀ wò sí, láti orí ilé ẹjọ́ dórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè 27 tó wà nínú EU ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá kọ̀, ó dúró nìyẹn. Láti 1999 ni Tọ́kì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Croatia tó wọlé kẹ́yìn lọ́dún 2013, 2005 ló bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò tirẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ni Council of Europe tó wà ní Strasbourg. Àjọ ọ̀tọ̀ ni, tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ukraine ti wà níbẹ̀ láti 1995. Àsíá búlúù oníràwọ̀ 12 kan náà ni àjọ méjèèjì ń ta, nítorí náà fọ́tò àsíá kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Abala 42, ìlà 7, nínú àdéhùn EU sọ ọ́ di dandan kí wọ́n ran ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbógun tì lọ́wọ́. Kò tíì kan Ukraine. Ìpinnu tí wọ́n ṣe fúnra wọn ni wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe dandan.

Ẹ ṣí european-union.europa.eu, kí ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀: 27 ni, kò sí Ukraine láàárín wọn.