Láptọ́ọ̀pù kọ́ ni gíráfíìsì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn ọmọ tó ń wá kọ́ṣẹ́ gíráfíìsì, ìyẹn iṣẹ́ títo pósítà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ mi máa ń sọ tó máa ń dùn mí wọra, wọ́n á ní "Bọ̀ọ̀dá, gíráfíìsì wù mí kọ́ gan o, àmọ́ mi ò tíì ní láptọ́ọ̀pù, tí mo bá ti rà á màá padà wá." Ẹlòmíì á lọ, ó di ọdún méjì, ó ń sọ owó sínú kóló, ọjọ́ tówó náà bá fi máa pé láptọ́ọ̀pù á tún ti wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bọ́mọ ọ̀hún ṣe máa gbàgbé iṣẹ́ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá kan wá bá mi ní Mọ́kọ́lá níbí, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ alájọ káwọn fi ra láptọ́ọ̀pù fọ́mọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, torí níbi tí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ, wọ́n sọ fún wọn pé láìsí láptọ́ọ̀pù kí wọ́n má wulẹ̀ gba fọ́ọ̀mù. Mo ní "Mà, ẹ fi owó alájọ sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó mú àlùmọ́gàjí, gúmù àti bébà ìròyìn àtijọ́ dání." Wọ́n wò mí títí, bí ẹni pé mi ò fẹ́ kọ́ ọmọ wọn níṣẹ́ ni.

Mi ò bá wọn wí. Ohun tí gbogbo èèyàn gbà gbọ́ nìyẹn, pé láptọ́ọ̀pù ni gíráfíìsì, pé tọ́mọ bá ti mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ nínú CorelDRAW tàbí Photoshop, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣiṣẹ́ yìí, ó ti di dísáínà. Irọ́ gbuu ni. Mi ò sọ pé ẹ̀rọ ò wúlò o, òun lèmi náà fi ń jẹun. Ojú lèèyàn máa ń kọ́kọ́ kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà lẹ̀rọ tó kàn, ojú yẹn sì rèé, bébà lásán tó láti fi kọ́ ọ.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù mẹ́fà ni mo lò ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀yìn fọ́tò kúrò, bí wọ́n ṣe ń fi òjìji sábẹ́ lẹ́tà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ di góòlù, gbogbo bọ́tìnnì ni mo mọ̀ pátá. Kò sọ́jọ́ kan tẹ́nì kan jókòó sọ fún mi ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi gbọ́dọ̀ tóbi ju ìkejì lọ, tàbí ìdí tí ọ̀rọ̀ méjì fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí ara wọn. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbà lẹ́yìn tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, pósítà ìsìnkú bàbá kan ni. Ó dán, ó ń kọ mànà. Àmọ́ mo fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì sókè, mo wá fi aago ìsìn sísàlẹ̀ pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti máa jẹun, àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá rò pé aago ibi jíjẹun ni, ibẹ̀ ni wọ́n lọ jókòó sí. Ọmọ olóòkú ò pariwo mọ́ mi o, ó kàn ní "Àwọn àbúrò bàbá wa láti Ṣakí ò bá wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì." Títí dòní mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn. Kò sí bọ́tìnnì kankan nínú Photoshop tó lè gbà mí lọ́jọ́ yẹn, torí ohun tí mi ò mọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì.

Ẹ tiẹ̀ wo ọdún tí àwọn nǹkan yìí dé ná. CorelDRAW jáde lọ́dún 1989, Photoshop jáde lọ́dún 1990, Canva tí gbogbo ọmọ ìsinsìnyí ń lò ò ju 2013 lọ. Ṣé kò sí dísáínà láyé kó tó dìgbà yẹn ni? Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ tò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lemi Ghariokwu tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe páálí rẹ́kọ́ọ̀dù fún Fẹlá ní 1974, tó sì ṣe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún un, ó kọ́ ara ẹ̀ ni, ọwọ́ ló sì fi ń yà á. Kí n má tíì wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aládìrẹ wa. Ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á kọ́kọ́ pín aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ inú ẹ̀, igun yìí fún ẹyẹ, igun yìí fún ewé, ẹ wo aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, òpó Mápó tò sínú ẹ̀ rẹ́gírẹ́gí. Igun mẹ́rin mẹ́rin tí wọ́n pín yẹn, òun náà ni gíríìdì tí wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ yín láti fi kọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ó ti wà lórí aṣọ àwọn ìyá wa látijọ́.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi ìmọ̀ yìí ṣe ilé ẹ̀kọ́ náà, bébà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1919 ni Walter Gropius dá ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus sílẹ̀ ní Weimar ní Jámánì, ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ò ní tíì wọ ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ tí Johannes Itten dá sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ kan ìrísí, àwọ̀, igi, irin, oríṣiríṣi. Josef Albers tó wá ń kọ́ni níbẹ̀ lẹ́yìn náà a máa kó bébà ìròyìn fáwọn ọmọ, á ní kí wọ́n fi ṣe ohun tó ju bébà ìròyìn lọ, kí wọ́n má sì fi ṣòfò. Nígbà tí Bauhaus pa dé lábẹ́ ìjọba Hitler lọ́dún 1933, Albers kọjá sí Amẹ́ríkà, bébà náà ló tún gbé lọ́wọ́ débẹ̀.

Èmi náà wá gbà á lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti igun mẹ́rin dúdú. Wàá gé bébà dúdú mẹ́rin onígun mẹ́rin, wàá gbé bébà funfun kan síwájú, màá wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ, bí i "ìjà", màá ní fi mẹ́rin yìí sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Má yàwòrán, má kọ nǹkan kan. O lè gé wọn kéré, o lè jẹ́ kí wọ́n tóbi, o lè tẹ̀ wọ́n, o lè jẹ́ kí apá kan jáde kúrò lórí bébà, ó tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gbogbo wọn ló máa ń tò wọ́n sáàárín bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Màá ní ìjà dà? Wọ́n á tún un tò. Ó dìgbà tẹ́nì kan bá dá igun kan dùbúlẹ̀ tí ṣóńṣó ẹ̀ wá gún èkejì kí ẹnu gbogbo wọn tó là. Lọ́jọ́ kejì màá wá sọ pé "ìdákẹ́jẹ́", ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i pé ibi tí wọn ò fi nǹkan kan sí gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì nílẹ̀ wa o, torí kọ́sítọ́mà wa ò fẹ́ rí àyè òfìfo rárá, wọ́n á ní àwọn sanwó bébà yẹn, kí lo fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe, wọ́n á ní kó o fi fọ́tò pásítọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Àyàn tó ń lu ìyáàlù tí ò dánu dúró rárá, ta ló fẹ́ gbọ́ ohun tí ìlù ń wí? Àyè tó wà láàárín ohùn méjì ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé oríkì ni. Ọmọ tó bá ti fi bébà dúdú mẹ́rin mọ èyí, kò sí kọ́sítọ́mà tí ò ní lè bá sọ̀rọ̀ kó sì yé e.

Ìkejì, pósítà ìsìnkú. Ẹ mọ ìdí tí mi ò fi lè fi ti ìsìnkú sílẹ̀. A máa wá pósítà tí ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá, a máa gé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ lọ́tọ̀, ọjọ́ orí lọ́tọ̀, àìsùn, ìsìn, ibojì, ibi jíjẹun, gbogbo aago wọn. Ó wá di kí wọ́n tún un tò sórí kádíbọ́ọ̀dù láì tíì fi gúmù sí i, kí wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, kí ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ rìn kọjá lódìkejì títì, kó wá sọ ohun tó rí. Ohun wo lo kọ́kọ́ rí? Aago mélòó ni ìsìn? Tó bá ṣì í pè, ẹ tún un tò, ẹ má bá a jà, kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Tí kò bá sí ẹni tó máa rìn kọjá, ẹ dín ojú kù títí gbogbo ẹ̀ á fi ṣú díẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù tẹ́ ẹ ṣì ń rí, òun làwọn èèyàn máa kọ́kọ́ rí. Max Wertheimer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ ní Jámánì, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1923, pé ohun tó bá wà nítòsí ara wọn, ojú á kà wọ́n sí ẹbí kan náà. Bẹ́ ẹ bá rí èèyàn méjì tó dúró papọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù ṣẹ́ ẹ ò ní rò pé wọ́n jọ jáde nílé ni? Ká ní mo ti ṣe eléyìí lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó gba iṣẹ́ bàbá yẹn.

Ti àwọ̀, ọ̀dọ̀ télọ̀ là ń lọ, a máa ń tọrọ àjákù aṣọ. Ẹ gé aṣọ aláwọ̀ eérú méjì láti ara ìró kan náà, ẹ fi ọ̀kan sórí dúdú, ẹ fi ìkejì sórí funfun. Àwọn ọmọ á búra pé aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èyí tó wà lórí dúdú á mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ lójú wọn, màá wá pa méjèèjì pọ̀ lójú wọn. Irú ohun tí Albers ń fi bébà aláwọ̀ ṣe fáwọn ọmọ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn wọn ò tún ní fi lẹ́tà yẹ́lò sórí funfun mọ́.

Ó wá ku ti lẹ́tà, ibí sì ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo máa ń ní kí wọ́n fi rúlà àti pẹ́ńsùlù kọ "ọ̀wọ̀ ìkẹyìn" gàdàgbà, ìlà méjì. Èdè tiwa ní àmì lókè, ó tún ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, tí ìlà méjì bá fún pọ̀, ẹsẹ̀ ti òkè á lọ gbá àmì ti ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi Photoshop sílẹ̀ kó dá ìlà pín fúnra ẹ̀, ìdá 120 nínú 100 ìwọ̀n lẹ́tà ló ń lò, èyí lè tó fún gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó máa ń há fún Yorùbá tó ní àmì pé. Ẹ tún wo fọ́ntì. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbé ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ so méjì pọ̀ ni, ọ̀pọ̀ fọ́ntì tó rẹwà lójú ni ò lè so ó, àmì á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ tó ti fọwọ́ kọ ọ́ á rí i lójú ẹsẹ̀, á wá fọ́ntì míì, á ṣí ìlà sílẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ bọ́tìnnì nìkan ló mọ̀, ńṣe ló máa yọ gbogbo àmì dànù kó lè "mọ́", ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ìwé ìsìnkú tó kọ "owo ikeyin". Owó ìkẹyìn àbí ọ̀wọ̀ ìkẹyìn? Fún ẹni tó bí yín lọ́mọ? Kò dáa.

Àwọn kan á ní ayé ti kọjá ibẹ̀ yẹn, pé AI ti dé, ẹ kàn máa sọ fún un á yà á. Ó dáa, ta ló máa sọ fún yín pé èyí tó yà yẹn dáa? Ojú náà ni. Àwọn míì á tún sọ pé ẹ̀bùn àbímọ́ni ni, àmọ́ mo ti rí ọmọ tí ò lè ya ife omi tó sì ń to pósítà tó já geere, kí n má wulẹ̀ fa ìyẹn gùn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje la máa ń tan kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, a ń gbà á fún ara wa. Kì í pẹ́ wọn lórí ẹ̀, torí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n á kàn béèrè pé ibo ni wọ́n ti ń sún lẹ́tà sún mọ́ra, màá fi hàn wọ́n, ó parí.

Ọmọ ìyá yẹn wá lóòótọ́ ní Mọ́ńdè. Ó mú àlùmọ́gàjí ìyá ẹ̀ dání, ojú ń tì í díẹ̀ láàárín àwọn tó kù. Mo fún un ní bébà dúdú, ó gé mẹ́rin, mo ní ọ̀rọ̀ tìẹ ni "ebi". Ó jókòó tì í tó ìṣẹ́jú ogún. Ó lẹ mẹ́ta ńlá mọ́ òkè pátápátá, débi pé apá kan wọn ti jáde kúrò lórí bébà, ó wá gé ìkẹrin kéré bí èékánná, ó fi í sí kọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, gbogbo àárín funfun báláú. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Ó ní "Ó ń wo òkè, sà, ọwọ́ ẹ̀ ò tó o."