Ìbọn Kírikírì ò pa igbó

Ẹ bá mi dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ń ṣàfihàn igbó tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, gbà, tí wọ́n tò ó kalẹ̀ bí àpò gàrí, tí ọmọkùnrin kan sì dorí kodò níwájú rẹ̀. Kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi sọ ọ́: "Kí wọ́n yìnbọn pa mẹ́ta péré nínú wọn ní gbangba, ká wò ó bóyá ẹlòmíì á tún dán an wò." Gbogbo wa á mirí. Èmi náà ti mirí rí, tí abẹ ń lọ lórí mi.

Wọ́n kúkú ti yìnbọn pa mẹ́ta rí. Mẹ́ta gééré.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1985 ni, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírikírì ní Èkó, lórí ẹ̀sùn oògùn olóró. Bartholomew Owoh, Bernard Ogedengbe, Lawal Ojuolape. Ìjọba ológun Buhari ló gbé òfin tí wọ́n fi pa wọ́n jáde ní 1984, Dìkírì 20, wọ́n sì mú kí ọwọ́ rẹ̀ tó ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó jáde. Ní ọjọ́ tí ọwọ́ tẹ Owoh, kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí wọ́n pa á nítorí ohun tó ṣe. Àwọn tó gbọ́njú nígbà náà ṣì lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ba gbogbo ìlú lẹ́rù. Tí ìbẹ̀rù bá ń wo àrùn yìí sàn ni, ọjọ́ náà ni ì bá ti lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Babangida sọ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1989, wọ́n dá NDLEA sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kì í wá babaláwo kiri. Nígbà tó fi máa di 1994, Amẹ́ríkà ti ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ṣe ojúṣe wọn lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró.

Onígbàjámọ̀ mi ní Babangida tó dẹ okùn ló bà á jẹ́. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn sí 1966, nígbà tí dìkírì igbó kọ́kọ́ jáde: ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21, fún ẹni tó bá gbìn ín. Ṣé igbó wá tán nínú igbó Oǹdó ni? Ní 2019, gómìnà ibẹ̀ nígbà náà, Rotimi Akeredolu, àti ọ̀gá NDLEA jọ wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi igbó ṣe oògùn ìwòsàn. Gómìnà ò tiẹ̀ fi bò pé ìpínlẹ̀ òun ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ́yìn dìkírì ikú nìyẹn o.

Ohun tí òfin líle mọ̀ ọ́n ṣe ni kó lé ọjà kúrò nínú ìgò kan bọ́ sínú òmíì. Àwọn bàbá wa rí i. Òyìnbó amúnisìn fi òfin de ògógóró, nígbà tí jíìnì tó ń ti òkè òkun bọ̀ ń mú owó orí wọlé fún ìjọba wọn. Ọlọ́pàá ń fọ́ ìkòkò, àwọn èèyàn ń sè é lọ létí ọ̀sà. Lónìí, ta ló tún ń sá fún ọlọ́pàá nítorí ògógóró?

Kodíìnì ni ti ayé ìsinsìnyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí fídíò BBC kan tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń tà á, ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé. A pàtẹ́wọ́. Owó ìgò kan ròkè, ẹni tápá rẹ̀ ò ká a mọ́ sì yà sídìí tàmádọ̀, oògùn ara ríro; kì í ṣe ti mílígíráàmù 50 tàbí 100 tí NAFDAC mọ̀, ti 225 ni. Àwọn míì gba ti kolorádò, ayédèrú igbó tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Àwọn míì ń po gbogbo rẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ń pè é ní omi gọ́tà. Nígbà tó di 2021, mkpuru mmiri, ìyẹn oògùn olóró tí òyìnbó ń pè ní crystal meth, ti wọ ilẹ̀ Ìgbò débi pé àwọn abúlé kan ń so àwọn ọmọ wọn mọ́gi, wọ́n ń nà wọ́n níta gbangba. Mi ò sọ pé òfin kodíìnì ló bí mkpuru mmiri o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń sá fún òfin kì í ru ẹrù ńlá. Èyí tó kéré tó sì le ló ń gbé, nítorí ó wọ àpò ṣòkòtò.

Ọdún 2018 yẹn kan náà ni NBS, àjọ oníṣirò ìjọba wa, àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró, ka iye wa. Mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láàárín ẹni ọdún 15 sí 64, ló ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, nígbà tí ti gbogbo ayé jẹ́ 5.6. Ní Èkó, ó jẹ́ 33, ẹnì kan nínú mẹ́ta. Ìlú tí òfin rẹ̀ ń fi ẹni tó ń ta kokéènì sẹ́wọ̀n gbére, tó ń fún ẹni tí wọ́n ká a mọ́ lọ́wọ́ ní ọdún 15 sí 25, ni wọ́n ń kà yẹn.

Bẹ́ẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn aṣòfin àgbà ní Àbújá tún dìbò pé kí ẹ̀wọ̀n gbére padà di ikú. Ẹ rántí ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan láti Kánò tó lọ ṣe úmúrà ní ìparí 2018. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfuurufú lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tàmádọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Saudi tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́rin kí ìwádìí tó yọ ọ́ ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2019. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn gan-an ni wọ́n pa obìnrin ọmọ Nàìjíríà mìíràn níbẹ̀ lórí ẹ̀sùn oògùn olóró. Oṣù mẹ́rin ni ìwádìí gbà. Ìbọn ò gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Wọn á ní ká wo Singapore tó ń pa ẹni tó ń ta oògùn olóró. Èmi á ní ká wo Thailand ní 2003: ó lé ní 2,500 èèyàn tó kú láàárín oṣù mẹ́ta ogun oògùn olóró, ìgbìmọ̀ ìjọba wọn fúnra rẹ̀ sì padà rí i pé ó ju ìdajì wọn lọ tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ní 2022, Thailand yìí kan náà yọ igbó kúrò lára ohun tí òfin dè. Portugal gba ọ̀nà mìíràn ní 2001. Títà ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ká ìwọ̀n tó lè lò fún ọjọ́ mẹ́wàá mọ́ lọ́wọ́, iwájú ìgbìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlera wà nínú rẹ̀ ló ń lọ, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ìlú ò bàjẹ́ nítorí ìyẹn. Àwọn tó ń kó kòkòrò HIV nídìí abẹ́rẹ́ dín kù gidi gan-an.

Ìyá kan wà ní òpópó wa tó ń lọ ata. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn agbófinró kan ya bo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fagbó. Ẹni tó ń tà á fo ògiri, ó mọ̀nà. Ọmọ ìyá aláta ò mọ̀nà. Wọ́n bá igbó wẹ́wẹ́ méjì lápò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lò láàárín àwọn tó ń retí ìdájọ́, àwọn tí wọ́n tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá gbogbo ẹlẹ́wọ̀n Nàìjíríà. Owó lọ́yà, owó kí ló ń jẹ́ kí ló ń jẹ́: ìyá ta ẹ̀rọ. Mo rí ojú ibẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì àti èèpo tàtàṣé tó gbẹ mọ́ sìmẹ́ńtì. Ìgbà tí ọmọ máa fi dé, ọ̀gá rẹ̀ ti gba ọmọ iṣẹ́ mìíràn. Igbó nìkan ló mọ̀ kó tó lọ. Nígbà tó dé, ó ń pe orúkọ oògùn tí èmi ò gbọ́ rí.

Nínú àwọn tó ti jìn sínú oògùn olóró tí NBS àti UNODC bá sọ̀rọ̀ nínú ìwádìí 2018 yẹn, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ló ní àwọn ń wá ìtọ́jú, àwọn ò rí i. Owó wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ìyá aláta wá bá mi nílé. Ó ti ilẹ̀kùn kó tó jókòó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́sí ní Abẹ́òkúta, ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀." Mo ní kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ó ní rárá, inú ìwé ni kí n kọ ọ́ sí, kí n má sì kọ orúkọ ọmọ òun mọ́ ọn.