Èsì wa sí ìyá oníbàárà wa ní Gbàgádà: ibi tí iná tí ẹ dá gbà lọ

Ẹ kú òtútù òjò o, mà. A ti ka ohun tí ẹ kọ síbí, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ẹ ní láti aago méje àárọ̀ ni máígàádì yín ti ń koná mọ́ ààrò onígi wa, èyí tó ń mú omi púùlù gbóná, títí di aago méje alẹ́, síbẹ̀ omi púùlù tó wà ní 26°C kò kọjá 28°C. Nígbà tí Bàbá sì máa fi sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ ní ìdájí, ó ti padà sí 26°C. Ẹ ní èéfín lé àwọn aládùúgbò kúrò ní bákónì wọn. Ẹ ní nígbà tí iná lọ ní ọ̀sán, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì-gbì, omi gbígbóná sì tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fi “páànù lásán” parí ọ̀rọ̀ yín.

Èmi tí mo wá wọn púùlù yẹn ni mo ń fèsì fúnra mi.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín lóhùn, àwọn tó ń bèèrè pé ta ló ń dáná sí omi púùlù nínú ooru Èkó. Kí wọ́n lọ wọ púùlù tí ilé ṣíji bò ní aago mẹ́fà ìdájí nínú oṣù keje, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ sí i mọ́jú, tàbí nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ọmọdé lè fò sí i kó máa pariwo. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, tí dókítà ní kó máa rìn nínú omi, kò lè dúró níbẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ kíkankíkan lè gba 26°C. Ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ nílò nǹkan bíi 30°C.

Mà, ìṣirò tí mo fi hàn yín lórí ìwé nígbà yẹn nìyí. Púùlù yín gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 4, tí a bá da ibi tó jìn pọ̀ mọ́ ibi tí kò jìn, ó ń lọ sí mítà 1.4. Omi inú rẹ̀ ku díẹ̀ kó pé lítà 45,000. Kí lítà 1,000 tó lè fi 1°C gbóná sí i, ó gba yúnìtì 1.16, yúnìtì kan náà tí a ń rà sí mítà ilé. Láti 26°C dé 30°C, ó ń lọ sí yúnìtì 209. Ká ní hítà oníná lásán lẹ fẹ́ lò ní April 2024 tí owó iná Band A (àwọn tó ń rí iná jù lọ) fò sókè dé ₦225 fún yúnìtì kan, ₦47,025 ni ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí a tó ka èyí tó ń bọ́ lọ. Ohun tó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá sọ́dọ̀ onígi nìyẹn.

Kílò kan igi gbígbẹ ní bíi yúnìtì 4 nínú. Ààrò tó dáa á ti nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sínú omi, ìyókù á gba ihò èéfín lọ. Nítorí náà kílò 105 igi gbígbẹ tó fún iṣẹ́ yín. Ààrò tí ẹ rà ń gbé bíi yúnìtì 25 sínú omi ní wákàtí kan tí wọ́n bá koná rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni pé wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ yẹ kó tó. Ẹ lo wákàtí méjìlá, ẹ rí 2°C. Ó yẹ kí ìyẹn ya èmi náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ fi fọ́tò síbẹ̀, fọ́tò yín sì ti sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹ tún wo èkejì. Ẹ fi ọwọ́ fà á kó tóbi, kí ẹ wo igi tó yọrí síta lẹ́nu ààrò: ìfóòfó funfun ń hó ní orí rẹ̀, omi ń kán sórí sìmẹ́ńtì, ibi tó ń kán sí ti dúdú. Igi tútù nìyẹn. Iná ní láti gbẹ omi yẹn dànù kí igi tó jó, ooru tó fi ń gbẹ ẹ́ kò sì ní dé púùlù yín láéláé. Máígàádì yín sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi lórí fóònù pé ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí ọ̀sà ni wọ́n ti rà á, èyí tí wọ́n là kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹdú pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi rà á, owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n orí ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ gẹdú ń gbà dé ibẹ̀, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á máa léfòó bọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n là tà fún yín yẹn ló sì mu omi ọ̀sà jù. Iyọ̀ wà nínú omi yẹn. Tí ẹ bá ń fi irú igi bẹ́ẹ̀ dáná lójoojúmọ́, iyọ̀ yẹn ló máa jẹ irin ààrò, ẹ ó sì padà wá pè é ní páànù, ẹ ó sì jàre nígbà náà. Ẹ ra igi tó ti wà lábẹ́ òrùlé fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Tí ẹ bá rí igi àyìn, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ gbá méjì lura: èyí tó gbẹ á dún kó-kó, èyí tó tutù á dún bọ̀ọ̀.

Èéfín náà, ara rẹ̀ ni. Pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà búlúù tí mo rí nínú fọ́tò kẹta, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi dáná mọ́. Májèlé wà nínú èéfín ọ̀dà, Bàbá sì wà nítòsí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni òru. Ohun kẹrin nínú ìnfọ́ìsì wa ni ọ̀rá ìbòrí, èyí aláwọ̀ búlúù tó ní afẹ́fẹ́ nínú, tó ń léfòó lórí omi. Ẹ ní kí a yọ ọ́, pé ẹ ó ra tàpólì fúnra yín. Owó yín ni, a yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀nà tí ooru ń gbà kúrò nínú púùlù ìta, èyí tó tóbi jù ni omi tó ń gbẹ lọ lójú rẹ̀. Tí omi yín bá fi mìlímítà 5 fà, tí kò tó ìbú pẹ́ńsùlù, lítà 160 ti lọ sínú afẹ́fẹ́. Lítà 160 yẹn gbé yúnìtì bí 108 dání lọ, ìyẹn sì tó láti fa púùlù yín sílẹ̀ ní 2°C. Iye yẹn gan-an ni ẹ bá lókè ní ìrọ̀lẹ́, tó wá lọ kí ìdájí tó dé. Kò sí ìyá tó ń gbé ẹ̀wà kaná tí kì í dé ìkòkò, mà. Ẹ sì tún jẹ́ kí omi tó ń ṣàn láti orí ògiri wá sínú púùlù máa ṣàn mọ́jú, bí mo ṣe gbọ́. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń fi omi gbígbóná yín hàn.

Ní ti ariwo gbì-gbì, ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò fi ṣeré. A kò lè pa iná igi bí a ṣe ń pa iná gáàsì. Tí iná bá lọ, tí pọ́ǹpù tó ń ti omi púùlù gba inú ààrò bá dúró, omi tó wà nínú kọ́ìlì (páìpù wíwé inú ààrò) á hó, á di oru, oru yẹn á sì wá ọ̀nà jáde. Fáàfù tó tú omi gbígbóná jáde yẹn, iṣẹ́ tí a gbé e síbẹ̀ fún ló ṣe. Orí wáyà inverter ni a so pọ́ǹpù mọ́ kí a tó kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan ti tú u, ó lọ kì í sí sókẹ́ẹ̀tì iná NEPA. Ẹ má jẹ́ kí pùlọ́ḿbà kankan dí ẹnu fáàfù yẹn nítorí pé ó ń kán. Pọ́ǹpù ni ẹ ó kọ́kọ́ tàn kí ẹ tó ṣáná, kò sì gbọdọ̀ kú títí ààrò á fi tutù.

Ní ti “páànù”: stainless 316, irin tí kì í tètè dípẹtà, ni kọ́ìlì inú rẹ̀, torí klorínì púùlù máa ń jẹ kọ́pà tí pH omi (ìwọ̀n bó ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni omi ń kan sí) bá ti ń lọ sílẹ̀ ju 7.2 lọ. Ẹ kò bèèrè, àwa la yàn án.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. A ó gbé ọ̀rá ìbòrí wá, owó ọ̀rá nìkan ni ẹ máa san, a kò gba owó iṣẹ́. Tí ẹ bá fi igi gbígbẹ dáná, tí ẹ bo púùlù ní alẹ́, tí omi kò sì dé 29°C láàárín ọjọ́ méjì, a ó tú ààrò wa, a ó dá owó yín padà bó ṣe wà nínú rìsíìtì. Títí di ìgbà náà, ẹ fi ìràwọ̀ méjì yín sílẹ̀ bó ṣe wà, a kò ní bẹ̀ yín kí ẹ yí i.

Nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì ni kí ẹ pè, kí ẹ sọ ọjọ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn. Kí máígàádì má ṣáná sí i kí a tó dé: mo fẹ́ fi ojú ara mi wo kọ́ìlì yẹn lẹ́yìn híhó tó hó, kí n sì dá pọ́ǹpù padà sórí inverter.