Bí Ògiri Ò Bá Lanu

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé la sábà máa ń fi òwe yìí sọ, bí ọmọ ìyá bá dalẹ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n ògiri gan-an, èyí tí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù mọ, ni mo fẹ́ fi bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé sọ̀rọ̀. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé mọ ibi tí ògiri ti lanu. Ẹni tó ra ilé kò mọ̀, àfi bó bá wá a.

Inú ọyẹ́ oṣù Kejìlá ni àwa kó wọ ilé tí a rà n'Íbàdàn. Ọ̀dà tuntun ń dán lára ògiri, ilẹ̀ gbẹ táútáú, èmi náà sì ń kánjú kí a lè ṣe ìṣílé kí ọdún tó yí. A kó bẹ́ẹ̀dì wọlé, a kó kọ́bọ́ọ̀dù wọlé, a dáná, a pe ẹbí. Àfi ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò dé, tí omi ń kán tó-tó-tó sórí ibùsùn àwọn ọmọ. Níbi tí a ti ń sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lójú omi la ti rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ọ̀nà amọ̀ kan tín-ín-rín, tí kò fẹ̀ ju ọmọńdinrín ìka lọ, tó gbéra láti ẹsẹ̀ ògiri lọ bá férémù ilẹ̀kùn. Mo fi èékánná họ ọ́, ó wó, ikán funfun sì ń sá káàkiri. Férémù náà ṣì ń dán lójú. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi wọnú igi lọ bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Ó dùn mí, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì péré tí à bá fi yẹ ilé náà wò nígbà tó ṣófo, gbogbo rẹ̀ ì bá ti hàn sí wa.

Ìgbà tí ilé ṣófo ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹrù bá ti wọlé, ẹrù á bò ó lẹ́nu.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé yín kí ẹ tó sọ ọ́ ní ilé. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà gun òkè àjà lọ́sàn-án gangan, kó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀: ibi tí oòrùn bá ti ń yọjú lára páànù, ibẹ̀ náà ni òjò máa gbà wọlé. Àmì róbótó aláwọ̀ tíì lára àjà, omi àtijọ́ ló fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà bò ó kí ẹ tó mọ orísun rẹ̀. Tí ara ògiri bá là tín-ín-rín bí irun, ó lè jẹ́ pé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó gbéra láti igun fèrèsé, tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí owó ẹyọ lè wọ ẹnu rẹ̀, ẹnjiníà ni kí ẹ pè, kì í ṣe ọlọ́dà. Ní ti ikán, wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ yí ẹsẹ̀ ògiri ká, wọ́n á da oògùn sí i, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì dí i. Májèlé ni oògùn yẹn. Kò yẹ kí ọmọdé sùn sínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ sì fi ibi tí kànga wà han oníṣẹ́ náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kànga yẹn ń kọ mí lóminú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín kànga àti sọ́kàwéè, kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń rì sí. Púlọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní fífẹ̀, 100 ní gígùn ni. Gbogbo gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 30 náà lọ. Bí tiyín bá tilẹ̀ jìnnà, ti aládùúgbò ńkọ́, tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì? Ẹ fa omi àtijọ́ náà gbẹ, kí wọ́n fọ kànga, kí ẹ gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Títí èsì á fi dé, ẹ máa fi fọ aṣọ.

Ará Ìbàdàn kò nílò kí n sọ ti odò fún un. Ògùnpa ya wọ̀lú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980; omi tún bo ìlú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ẹ bi ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta bóyá omi máa ń dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì kò ní sọ, ìyá á sọ ọ́. Tó bá ń dé, ẹ kó gọ́tà, ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ayálégbé àná lè ní ọ̀kan, bíríkìlà lè ní ọ̀kan.

Ẹ pa gbogbo iná ilé, kí ẹ wá lọ wo mítà: tó bá ṣì ń kà, wáyà kan ń gbé iná lọ síbi tí ẹ kò mọ̀. Ẹ bèèrè gbèsè tó wà lórí rẹ̀ náà, kí orúkọ yín tó dé ibẹ̀.

Ẹ pe àlùfáà tàbí pásítọ̀, ẹ gbàdúrà sí ilé yín. Èmi náà ṣe é, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹrù tó dé, ẹ tẹ́ ẹní sí pálọ̀ òfìfo, kí ẹ sùn mọ́jú níbẹ̀ lóru kan. Ẹ ó gbọ́ paípù tó ń kán. Ẹ ó gbọ́ eku lókè àjà. Bí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń gba fèrèsé yàrá ọmọ wọlé, imú yín á sọ fún yín kí ọmọ tó sùn síbẹ̀, ẹ ó sì lè lọ bá a sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọlọ́kọ̀ ẹrù.