Mo jí ìtàn àbúrò mi

Oṣù mọ́kànlá ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin fi yí ayé po. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí a ti wọlé. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù lẹ́nu mi: láti ìgbà tí a ti dé, olè ni mò ń jà.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí a dé, ilé kún. Ẹnìkan bi wá bóyá a sọnù níbì kankan. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Mo tún ìjókòó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ibùdókọ̀ ojú irin Shinjuku ní ìlú Tokyo. Mo sọ fún wọn pé kò sí ibùdókọ̀ ojú irin tí èrò ń gbà kọjá tó o láyé, pé ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀ lé ní 200, pé bí èèyàn bá gba èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ jáde, àdúgbò mìíràn pátápátá ló máa bá ara rẹ̀. Mo ní, “A yí títí, a ò rọ́nà. Ni mo bá dúró, mo fara balẹ̀, mo wo àwọ̀ tí wọ́n fi sàmì sí ọ̀nà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo wá rí i pé àwọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ ká máa tẹ̀ lé.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi náà pàtẹ́wọ́.

Irọ́ ni. Èmi kọ́ ni mo wo àwọ̀. Lákòókò tí ẹnìkan ń wo àwọ̀, èmi jókòó sórí báàgì mi lẹ́bàá òpó kan, mò ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé. Òun ló lọ, tó padà, tó tún lọ, tó wá fà mí lọ́wọ́ dìde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń pàtẹ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò tiẹ̀ wò mí lójú. Ó pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn.

Lédè wa, èèyàn ò lè dárúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ kó má sọ ta ló kọ́kọ́ wáyé. Ẹ̀gbọ́n ni, tàbí àbúrò ni. Kódà bí o bá rọra ní “ọmọ ìyá mi,” ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni “ta lẹ̀gbọ́n?” Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú, mo sì ti ń jẹ èrè ọdún mẹ́ta yẹn láti kékeré. Èmi ni mò ń jókòó níwájú ọkọ̀. Èmi ni rìmóòtù ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ń fi “ẹ” pè mí, èmi ń fi “o” pè é, kò sì sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe gbé wa kúrò báyìí, ipò ẹ̀gbọ́n wá dà bí owó ìlú wa tí wọn ò gbà níbòmíì. Ó wà lápò mi lóòótọ́, àmọ́ mi ò rẹ́ni ná an fún. Òṣìṣẹ́ tó ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà ò bi wá ta ló dàgbà. Ojú ewé tó ṣófo ló ń wá.

Kí n má parọ́ mọ́, iṣẹ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé, èmi ni. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò ní jẹ́ kó o wọlé bí ó bá kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́fà tí ìwé ìrìnnà rẹ máa kú. Èmi ni mo ṣàkíyèsí pé tirẹ̀ máa kú mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, èmi ni mo lé e lọ gba tuntun ká tó gbéra. Ó kùn. Mo ní kó máa kùn lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọkọ̀, tirẹ̀ ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Òwe yẹn ò sọ èwo ló gbọ́n jù nínú wọn, mo sì rò pé ẹni tó pa á mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Kì í ṣe pé a ò jà o. Ní Istanbul, a bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí fóònù tí kò ní iná nígbà tí a wà ní apá Yúróòpù. A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá Bosphorus, nígbà tó fi máa tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Éṣíà, ẹ̀rín ti dé. Ti Íńdíà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odidi ọjọ́ kan la ò fi bára wa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin kan náà, èmi lórí ibùsùn ìsàlẹ̀, òun lórí tòkè. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lóru, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ yọ sí mi lójú, á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ṣòro kéèyàn máa bínú lọ sí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ náà mú, mo gbé e lé irin àtẹ̀gùn. Bí ìjà ṣe parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Láti Jàpáànì, New Zealand la lọ, ibẹ̀ la ti wá rí ohun tó ń jẹ́ ìdán. A gbéra ní Auckland lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, a fò fún bíi wákàtí mọ́kànlá, a sì gúnlẹ̀ sí Santiago lórílẹ̀-èdè Chile lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. A débẹ̀ kí aago tí a gbéra tó lù! Ìlà tí wọ́n fi pín ọjọ́ sí méjì lórí òkun Pacific la ré kọjá. Ẹni tó bá lọ síhà ìlà oòrùn á jèrè ọjọ́ kan, ẹni tó bá lọ síhà ìwọ̀ oòrùn á pàdánù ọ̀kan. Àwọn tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi yí ayé po fojú ara wọn rí i. Ọkọ̀ márùn-ún ló bá Magellan, olórí wọn, kúrò ní Sípéènì síhà ìwọ̀ oòrùn lọ́dún 1519, ẹyọ kan ló parí ìrìn náà lọ́dún 1522, ó gbé èèyàn 18 délé. Antonio Pigafetta wà lára wọn, ó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀, kò fo ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n yà ní erékùṣù Cape Verde lójú ọ̀nà ilé, ìwé rẹ̀ ní Ọjọ́rú ni. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni.

Àbúrò mi gbọ́ ìtàn yìí tán, ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. “Àǹtí mi, ọdún mẹ́ta lẹ fi jù mí. Ọjọ́ 1,095 nìyẹn. Bí mo bá yí ayé po nígbà 1,095, tí ẹ̀yin sì jókòó sílé, a ti dọ́gba.” Mo ní kàlẹ́ńdà ló máa yí, ọjọ́ orí ò ní yí. Ó ní òun mọ̀, pé òun kàn fẹ́ mọ iye rẹ̀ ni.

Mo rò pé eré ló ń ṣe nígbà yẹn. Ó di Cusco kí n tó mọ̀.

Cusco, lórílẹ̀-èdè Peru, ga tó nǹkan bíi mítà 3,400 ju òkun lọ. Lima tí a ti wá rèé, etí òkun ló wà, wákàtí kan àti díẹ̀ sì ni ọkọ̀ òfúrufú fi gbé wa gòkè. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Èémí kan tí o bá mí, ohun tó wọ inú ara kò tó èyí tí ara ti mọ̀, àìsàn tó ń ti ibẹ̀ wá ò sì mọ alágbára yàtọ̀ sí ọ̀lẹ. Àbúrò mi kà á, ó sọ fún mi: ká rọra, ká sùn, ká mu omi. Èmi ẹ̀gbọ́n gbé báàgì mi fúnra mi gun àtẹ̀gùn ilé tí a wọ̀ sí, kí n lè fi hàn án pé mi ò tíì darúgbó. Nígbà tó fi máa di àárín òru, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi odó lu ú láti inú. Mo ń bì. Mi ò lè dùbúlẹ̀, mi ò lè jókòó.

Ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe èyí tí mo mọ̀ mọ́ ọn. “Dìde. Jókòó. Mu ún. Má sùn báyìí, ṣé o ń gbọ́ mi?”

O.

Pẹ̀lú gbogbo bí orí ṣe ń fọ́ mi, mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé màá bínú, àmọ́ ara tù mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣe ẹ̀gbọ́n, lóru ọjọ́ yẹn ẹnìkan bá mi sọ ẹrù náà kalẹ̀. Mo ń gbọ́ tó ń ka nǹkan lábẹ́ ohùn, mo rò pé àdúrà ni. Èémí mi ló ń kà. Ó kà á, ó wo aago, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wá ọkọ̀ tó gbé wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì Urubamba, tó fi nǹkan bíi mítà 500 rẹlẹ̀ ju Cusco lọ. Kó tó di ọ̀sán, orí mi ti ń fúyẹ́. Ó rí i pé mo ti lè rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ kú ewu o, Àǹtí mi.” “Ẹ” ti padà dé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà nínú àwa méjèèjì títí di òní.

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn jiyàn díẹ̀. Ilé tí a bọ̀ wá yìí, kò sí ìsinmi níbẹ̀ fún ẹni tí mo dà lójú ọ̀nà. Àbúrò mi ló gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún oṣù mọ́kànlá, nínú àpò kékeré tó ní síìpù, kò jẹ́ kó sọnù. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó yọ ọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì nà án sí mi kí n ṣílẹ̀kùn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìronú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo gba Shinjuku lọ́wọ́ rẹ̀, bákan náà.

Mo máa ń ronú sí Niccolò àti Maffeo Polo, tẹ̀gbọ́n tàbúrò oníṣòwò láti Venice. Wọ́n ti lọ sí ilẹ̀ àwọn Mongol, wọ́n sì ti padà wálé lọ́dún 1269 kí Marco, ọmọ Niccolò, tó bá wọn dé ibì kankan. Niccolò wọlé, ó bá a pé ìyàwó òun ti kú, ọmọ sì ti di ọ̀dọ́langba. Lọ́dún 1271, àwọn méjèèjì mú ọmọ náà dání, wọ́n tún kọrí sí Ṣáínà, ó di 1295 kí wọ́n tó rí Venice. Odidi ọdún 24! Lónìí, ta ló mọ Maffeo? Marco ló ni ìtàn. Níbẹ̀, àwọn àgbà ni ìtàn bọ́ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ọmọdé, mo sì jẹ́wọ́ pé ó ń tù mí nínú díẹ̀, bí kò tilẹ̀ yẹ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní mo fẹ́ ba ọmọlúàbí jẹ́. Rárá o. Kí àbúrò mi máa fi “ẹ” pè mí, ó dáa, etí mi fẹ́ ẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé “ẹ” yẹn kì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó bá àbúrò yín rìn jìnnà, tí wọ́n bá bi yín nípa àjò náà, ẹ pa ẹnu mọ́ díẹ̀ ná. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Sunday tó kọjá. Wọ́n béèrè nípa Cusco, mo ní kí wọ́n bi í. Ó ní, “Ibẹ̀ ga, òtútù wà níbẹ̀. Àǹtí mi ló lè ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa.” Ó dá a padà sí mi lọ́wọ́ bíi kọ́kọ́rọ́.

Lóru ọjọ́ kẹrin tí a dé, oorun ò kun èmi àtòun. Aago mẹ́ta òru nílé, alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ́ níbi tí ara wa ṣì wà. Mo jáde sí pálọ̀, mo bá a nínú òkùnkùn, kò tanná. Mo jókòó. Nígbà tó yá, mo ní kó sọ ti Shinjuku fún mi, bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

Ó sọ ọ́ pẹ́. Ó dárúkọ àwọn àwọ̀, ó sọ ti bàbá arúgbó kan tó bá a rìn dé ìdí àtẹ̀gùn láìgbọ́ èdè rẹ̀, ó sọ iye ìgbà tó padà wá wò mí. Mo ń dúró kó dé ìdí òpó yẹn. Nígbà tó débẹ̀, ó sinmi díẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ dúró ti ẹrù wa.”