Ẹni Tí Yóò Jẹ Oyin Inú Àpáta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí ó bá dájú lé àpáta mọ̀ pé ẹnu àáké òun yóò kú; bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnu àáké nìkan ni ó ń wò, yóò gbé e kọ́ èjìká, yóò sì kọrí sílé kí òórùn oyin tó dé imú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé ni mo máa ń gbọ́ nínú òwe yìí. Ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró kì í ṣe àìní ìtàn, bí kò ṣe pé ojú wọn kò kúrò lára irinṣẹ́ ọwọ́ wọn: ìwé tí mo kà kò tó, Yorùbá mi kò jinlẹ̀, àmì ohùn ń dà mí láàmú, ta ni yóò tilẹ̀ kà á?

Bí a bá ń wá ẹni tí òwe yìí ṣẹ mọ́ lára, Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1920, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Kò kàwé kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́, iṣẹ́ náà ni ó sì ṣe lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ òjíṣẹ́ ni ó rí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dilẹ̀ níbẹ̀, ó ń kọ ìtàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé. Bí Yorùbá ṣe ń to ọ̀rọ̀ ni òun náà ṣe tò ó. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ ìwé rẹ̀ ní London ní 1952, wọ́n sì fi àwòrán ojú ewé kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú ìwé náà, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i. Ẹ rò ó wò ná: àṣìṣe ẹni, lójú gbogbo òǹkàwé! Nílé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé bínú. Wọ́n ní ó dójú tì wá lójú òyìnbó, àwọn mìíràn sì ní ọ̀dọ̀ Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yorùbá, ni ó ti mú ohun tí ó kọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa wọni lákínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kejì jáde ní 1954, ẹ̀kẹta ní 1955, ẹ̀kẹrin ní 1958, ẹ̀karùn-ún ní 1962; ní 1990, ó ṣì ń gbé ìwé jáde.

Òwe náà kò ní kí a má pọ́n àáké o. Lójú tèmi, ohun tí ó ń wí ni pé ìgbà pípọ́n yàtọ̀ sí ìgbà lílà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹnìkan jókòó lóru, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé: "Inú ìyá mi bàjẹ́ nígbà tí bàbá mi kú." Ó wò ó, kò dùn, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́, ó sì lọ sùn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun kì í ṣe òǹkọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ gbólóhùn náà kò ṣẹ̀. Ká ní ó fi í sílẹ̀ tí ó ń bá ìtàn lọ ni, ó ṣeé ṣe kí ó dé ibi tí yóò ti rántí pé: "Lọ́jọ́ kẹta tí a sin bàbá mi, ìyá mi ṣì bu oúnjẹ sínú abọ́ méjì." Oyin nìyẹn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ó kà sí aláìdára ni ọ̀nà tí ó gba débẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí iyèméjì yóò lọ tán kí ẹ tó kọ̀wé. Ẹ yan àkókò kékeré tí agbára yín ká, ìbáà ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́ kí àwọn ọmọ tó jí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ ti ìtàn nìkan. Ẹ fi àmì ohùn àti àtúnṣe sí ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí ẹ bá sì kọ ọ́ tán, ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ síwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí pé ẹnu wọn kò ní í kò. Ẹ wá ẹnìkan tí ó fẹ́ràn ìtàn, tí kì í sì í pọ́nni lásán. Ẹ má bi í bóyá ó dára, torí ojú yóò máa tì í láti sọ òótọ́. Ẹ bi í ní ibi tí ó ti gbé ìwé náà kalẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn, kí ẹ sì padà lọ ka ojú ewé yẹn.